ÌDÁNÁ ÌDÍLÉ: Mítíbọ́ọ̀lù Sweden Nínú Ìkòkò Jẹ́jẹ́

 

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni arábìnrin tó kọ ọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó kọ ọ́ báyìí pé:

“Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́rú ni a máa ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni a sì ń bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń wọlé láti ibi iṣẹ́. Kí n tó gbé ọbẹ̀ kaná, kí n tó rokà, àkókò ti lọ. Bí ó ṣe di pé kálukú ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Yóò gbé àwo rẹ̀ wọ yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni ó fẹ́ jẹ. Ó ní Swedish meatballs tí wọ́n ń fún wọn jẹ ní ilé ìwé ni. Mo ní n kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè oúnjẹ kankan lọ́wọ́ mi mọ́. A ní ìkòkò slow cooker kan tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà tí a kó dé ilé yìí, inú páálí ni ó ṣì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.”

Mo ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò ó jinlẹ̀. Ọmọ tó sọ ohun tó fẹ́ jẹ fún ìyá rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Bí a bá dá a lóhùn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó ṣí i tán. Nítorí náà, arábìnrin mi, ẹ yọ ìkòkò yẹn kúrò nínú páálí. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni a ó se oúnjẹ náà.

Oúnjẹ tí ọmọ náà béèrè

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ yín ń béèrè ohun tí kò sí. Láti nǹkan bí ọdún 1850 títí di ọdún 1930, àwọn ará Sweden tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ oko kò tó wọn pín mọ́ nílé, ìyàn ńlá sì mú láàrin ọdún 1867 sí 1869. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dó sí Minnesota níbi tí ẹ wà yìí, wọ́n sì mú oúnjẹ ilé wọn dání, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń di gàrí àti èlùbọ́ sínú ẹrù nígbà tí a bá ń rìnrìn àjò. Ọ̀kan nínú oúnjẹ wọn ni köttbullar. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹran tí a ṣù róbótó lọ. Ẹni tó bá ń ṣe àkàrà ti mọ iṣẹ́ náà dé ìdajì.

Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ yìí ti wà. Obìnrin kan ní Sweden, Cajsa Warg, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé ìdáná rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1755. Ní ọdún 2018, ojú ìwé orílẹ̀-èdè Sweden lórí Twitter sọ pé láti Turkey ni Ọba Charles Kejìlá ti mú un wálé. Ọdún 1709 ni àwọn ará Rọ́ṣíà ṣẹ́gun ọba náà, tí ó sì sá lọ sí ilẹ̀ ìjọba Turkey, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1714. Àwọn onímọ̀ kan ní Sweden kò fara mọ́ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n èyí dájú pé ìyá tó kọ́kọ́ se é ní Minnesota, àlejò ni òun náà níbẹ̀, bí ẹ̀yin náà ti jẹ́ lónìí.

Ìkòkò jẹ́jẹ́

Èmi ń pe slow cooker ní ìkòkò jẹ́jẹ́, nítorí kì í kánjú. Ìkòkò amọ̀ dídán ni ó wà nínú agbada oníná kan. Iná mànàmáná díẹ̀ ni ó ń lò, ooru sì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú oúnjẹ fún wákàtí púpọ̀. Àwa náà mọ irú ìdáná bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa máa ń fi sórí ẹyin iná láti alẹ́, tí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìtàn ìkòkò yìí dára fún ẹni tó ń sáré lọ sí ìpàdé. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Irving Naxon, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1940. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nípa oúnjẹ ẹ̀wà àti ẹran tí àwọn Júù ń sè nígbà tí ó wà lọ́mọdé ní Lithuania. Wọn kì í dáná ní ọjọ́ ìsinmi wọn. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò gbé ìkòkò lọ sínú ààrò oníbúrẹ́dì, ooru tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ yóò sì máa sè é títí di ọjọ́ Sátidé tí wọn yóò jẹ ẹ́. Ilé iṣẹ́ Rival ra iṣẹ́ Naxon lẹ́yìn náà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ti ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Àwọn nǹkan kan wà tí ìkòkò yìí kò lè ṣe. Nígbà tí mo lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, mo ṣù ẹran tútù sínú rẹ̀, mo da kíríìmù lé e lórí láàárọ̀, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí mo ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, ẹran náà ti funfun ràndánràndán, àwọn mìíràn ti fọ́, kíríìmù sì ti dì kúlúkúlú bí omi wàrà tó bàjẹ́. Àna mi ọkùnrin fi ọ̀wọ̀ jẹ méjì, ó ní òun ti yó.

Ohun mẹ́ta ni mo kọ́ lọ́jọ́ náà. Èkíní, ìkòkò jẹ́jẹ́ kì í mú kí ẹran pọ́n. Inú ófúnù tàbí inú agbada ni ẹran ti gbọ́dọ̀ pọ́n kí ó tó wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Èkejì, ìparí ni kíríìmù máa ń wọlé. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ṣí ìdérí wò lóòrèkóòrè, nítorí ìgbàkigbà tí ẹ bá ṣí i, ooru tó bá jáde lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà.

Ohun tí ẹ ó ní nílẹ̀ fún ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà

Fún ẹran:
- Ẹran lílọ̀, kílò 1. Ní Sweden, wọ́n sábà máa ń po ti màlúù mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo ti màlúù nìkan, ṣùgbọ́n kí ó mú èyí tó ní ọ̀rá díẹ̀.
- Búrẹ́dì gbígbẹ tí a rún kúnná, ife 1
- Wàrà olómi, ife 1
- Àlùbọ́sà 1, kí a rin ín tàbí kí a gé e wẹ́wẹ́ gidi
- Ẹyin 2
- Iyọ̀, ṣíbí tíì 2
- Ata ilẹ̀ gbígbẹ tí òyìnbó ń lò, dúdú tàbí funfun, ìdajì ṣíbí tíì
- Allspice lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Èso igi kan láti ilẹ̀ Jamaica àti àyíká rẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ ni ọmọ yín yóò kọ́kọ́ dá mọ̀.
- Nutmeg rírin, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì

Fún ọbẹ̀ rẹ̀:
- Bọ́tà, ṣíbí ìjẹun 3
- Fúláwà, ṣíbí ìjẹun 4
- Omi ẹran màlúù, ife 3
- Worcestershire sauce, ṣíbí ìjẹun 1
- Sour cream, ìyẹn kíríìmù kíkan, ìdajì ife

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ pe ọmọ náà

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oúnjẹ Ọjọ́rú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ da wàrà sórí búrẹ́dì rírún, kí ẹ jẹ́ kí ó mu ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Búrẹ́dì yìí ni kì í jẹ́ kí ẹran le bí òkúta. Ẹ wá da ẹran, àlùbọ́sà, ẹyin, iyọ̀ àti èròjà yòókù sí i, kí ẹ fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi dọ́gba. Ẹ má ṣe gún un tàbí kí ẹ pò ó jù, nítorí pípò àpọ̀jù máa ń mú un le.

Nígbà náà ni kí ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé, “Mo fẹ́ se meatballs tí o béèrè, wá ràn mí lọ́wọ́.” Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ kékeré dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí ó fi omi tútù ra ọwọ́, kí ó máa ṣù wọ́n bí àgbálùmọ̀ kékeré. Bí wọ́n bá dọ́gba, wọn yóò jinná pọ̀. Bí wọn kò bá sì rí róbótó dáadáa, ẹ má ṣe tún un ṣù lójú rẹ̀. Ẹ bi í léèrè bí ti ilé ìwé wọn ṣe máa ń rí, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn náà kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹran tútù ni ó fọwọ́ kàn.

Ẹ tò wọ́n sórí tíréè tí ẹ ti fi òróró díẹ̀ pa, kí ẹ gbé e sínú ófúnù tó ti gbóná dé 200 dígírì, èyí tí í ṣe 400 lórí ófúnù Amẹ́ríkà, fún ogún ìṣẹ́jú tàbí kí ó lé díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pọ́n, kí wọ́n sì jinná dé inú lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní tẹmómítà ìdáná, kí àárín rẹ̀ tó 71 dígírì, tàbí 160 ní ìwọ̀n tiwọn. Ẹ má ṣe yan án dé ìdajì kí ẹ sì gbé e pamọ́ di ọjọ́ kejì, nítorí ooru díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pa kòkòrò àrùn tán, àwọn tó ṣẹ́ kù yóò sì máa pọ̀ sí i. Bí ó bá ti tutù díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo tí kò jìn, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré. Ẹ da fúláwà sí i, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá máa da omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń po àmàlà tí kò fẹ́ kó ní kókó. Bí ó bá hó tí ó sì ki díẹ̀, ẹ da Worcestershire sauce sí i. Ẹ kó ẹran sínú ìkòkò jẹ́jẹ́, kí ẹ da ọbẹ̀ gbígbóná náà lé e lórí, kí ẹ dé e. Ìkòkò tó gba lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò gbà á dáadáa, kò sì yẹ kí ó kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Ẹ tẹ Low. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ti tó. Bí ti yín bá lè yí ara rẹ̀ sí Warm fúnra rẹ̀, ẹ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa gbóná títí ẹ ó fi dé. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ife omi ẹran kan kún ọbẹ̀ náà láàárọ̀ kí ó má baà gbẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní Low títí ẹ ó fi wọlé. Ẹ má ṣe lo aago tó ń dá iná dúró títí di ọ̀sán, nítorí ẹran kò gbọ́dọ̀ jókòó láìní òtútù àti láìní ooru fún ju wákàtí méjì lọ.

Ìrọ̀lẹ́: kí ẹ tó bọ́ bàtà tán

Bí ẹ bá wọlé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ gbé omi kaná fún egg noodles tàbí pọtétò. Pọtétò bíbọ̀ tàbí gígún ni àwọn ará Sweden sábà ń jẹ ẹ́ mọ́, noodles ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń lò. Ìrẹsì náà kò burú.

Ẹ bu ṣíbí ńlá kan nínú ọbẹ̀ gbígbóná náà sínú sour cream, kí ẹ pò ó, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó wọ inú ìkòkò. Ẹ wá dà á sí i, kí ẹ rọra rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kò ní dì. Ẹ tọ́ iyọ̀ wò.

Ní Sweden, wọ́n máa ń fi jáàmù lingonberry, èso pupa kan tó kan díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo mọ̀ pé jáàmù àti ẹran jọ ohun àjèjì lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá. Bí ẹ kò bá rí i rà, jáàmù cranberry lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti ata, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ata rodo sínú ìkòkò náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yóò máa ṣe wàràwàrà. Ẹ din ata sínú abọ́ kékeré kan, kí bàbá àti ìyá fi sí tiwọn. Bí a bá yí oúnjẹ tí ọmọ béèrè padà di tiwa kí ó tó dé ẹnu rẹ̀, a kò tíì dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìkìlọ̀ mẹ́rin

1. Ẹ má ṣe gbé ẹran dídì láti inú fírísà sínú ìkòkò jẹ́jẹ́. Yóò pẹ́ jù kí ó tó gbóná. Láàrin 4 dígírì sí 60 dígírì ni kòkòrò àrùn ti ń gbilẹ̀ kíákíá.
2. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ kò sí nílé, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tó lọ, ẹ da oúnjẹ náà nù, bí ó tilẹ̀ dà bíi pé ó ti jinná. Ó dunni, ṣùgbọ́n inú rírun ọmọ dunni ju bẹ́ẹ̀ lọ.
3. Ẹ gbé èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Orí iná ni kí ẹ ti gbé e gbóná, nítorí ìkòkò jẹ́jẹ́ kì í tètè mú oúnjẹ tútù gbóná.
4. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò amọ̀ rẹ̀ láti inú fíríìjì sórí ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè sán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, níbi tí iná kò ti dúró lójú kan, ẹ kò nílò ìkòkò oníná. Ẹ din ẹran ṣíṣù náà nínú agbada, kí ẹ da ọbẹ̀ rẹ̀ lé e lórí nínú ìkòkò lásán, kí ẹ fi sórí iná kékeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wàrà alágolo tí kò ní ṣúgà lè dípò sour cream ní ìparí. Ẹ ṣáà má ṣe fi iná sílẹ̀ jáde.

Kí gbogbo ilé jókòó

Arábìnrin mi, ẹ wo aago. Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sì kù kí ẹ̀kọ́ Bíbélì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìkòkò náà fún yín nìyẹn. Ẹ má ṣe fi àkókò náà fọ abọ́. Ẹ jókòó. Kí ọmọ tó ṣù ẹran náà gbàdúrà sórí rẹ̀, kí òun sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ó sọ bóyá ó jọ ti ilé ìwé tàbí kò jọ ọ́. Bí ó bá ní kò jọ ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bi í pé kí ni kí a fi kún un lọ́jọ́ mìíràn.

N kò lè ṣèlérí pé àwo rẹ̀ kò ní wọ yàrá mọ́ láti ọjọ́ kan péré. Àárín ìyá àti ọmọ, bí ìkòkò yìí ni, jẹ́jẹ́ ni ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ bi í lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni ó fẹ́ jẹ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ ohun tó sọ.

Títí a ó fi tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí Ọlọ́run bù kún tábìlì yín, kí ó sì kó gbogbo ilé yín jọ yí i ká. Ire o.